Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Rúta Gbẹ́ Pátákó Orúkọ Ilé Tí Lẹ́tà Rẹ̀ Kò Ní Wọ́

Àléébù mẹ́ta kan náà ló máa ń wà lára ọ̀pọ̀ pátákó orúkọ tí wọ́n fi rúta, ẹ̀rọ oníná tí àwọn káfíńtà fi ń gbẹ́ pákó, gbẹ́ nílé. Lẹ́tà O á rọ̀ lápá kan, á wú lápá kejì. Àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ á há mọ́ etí pákó, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ sí rárá. Kó tó pẹ́ lẹ́nu géètì, pákó náà á ti ká. Àwọn tó ṣe é á ní ẹ̀rọ ló burú. Ẹ̀rọ kọ́. Méjì nínú àléébù wọ̀nyí ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan rúta. Ẹ̀kẹta wà nítorí pé ẹni tó di rúta mú kò mọ apá ibi tó ń fà sí.

Pátákó ILÉ AYỌ̀ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Lẹ́tà rẹ̀ á wọnú pákó, a ó sì kùn ún ní dúdú. Ọ̀rọ̀ yìí dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, torí pé ìlà gbọọrọ ni lẹ́tà márùn-ún nínú mẹ́fà rẹ̀. Ọ̀ nìkan ló yípo, òun nìkan náà ló ní àmì lókè àti nísàlẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Rúta kékeré, irú èyí tí àwọn káfíńtà fi ń gé etí fọ́máíkà, tí agbára rẹ̀ wà láàárín 500 sí 700 wáàtì. Rúta ńlá náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó wúwo, ara rẹ̀ á sì bo ìlà mọ́ yín lójú.
- Bíìtì rúta (irin ẹnu rẹ̀ tó ń yí, tó ń gé pákó) tó ń gé gbọọrọ, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6, tí wọ́n fi kábáìdì, irin tó le gan-an, sí lẹ́nu. Èyí tí kò ní kábáìdì á kú kíákíá. Ẹ jẹ́ kí bíìtì onígun V dúró di pátákó kẹta tàbí ìkẹrin.
- Dírílì àti bíìtì rẹ̀ tó jẹ́ mìlímítà 12.
- Bẹ́ǹṣì tí kì í mì, kíláǹpù mẹ́rin, àti ọ̀pá igi kan tó gún régé.
- Ṣísẹ́lì tín-ín-rín tó mú.
- Tépù, rúlà, pẹ́ńsù, bíròò, kábọ̀n pépà, séló tépù.
- Sáńpépà 120 àti 180, pẹ̀lú ègé pákó pẹlẹbẹ tí ẹ máa wé e mọ́.
- Ọ̀dà dúdú olóròóró, fánísì olóròóró tó wà fún ìta, tápẹ́ńtáìnì, búrọ́ọ̀ṣì méjì.
- Awò ìdáàbòbò fún ojú, ìbòmú, àti ohun tí ẹ máa fi di etí.

Ẹ ro ti iná náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kì í sábà fúnni ju nǹkan bíi 650 wáàtì lọ. Ó lè gbé rúta kékeré tìpá-tìkúùkù, ṣùgbọ́n ẹ má dán rúta 1,200 wáàtì wò lórí rẹ̀. Iná ìjọba tó bá rẹ̀ sílẹ̀ náà kò dára fún iṣẹ́ yìí: bíìtì á máa lọ́ra, á máa jó pákó dípò kó gé e. Bí gílóòbù bá ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ pa rúta.

1. Pákó tó gbẹ ni kí ẹ wá

Bí ẹ bá dé ilé ìlagi ní Àkúrẹ́ tí ẹ ní ẹ ń wá pákó, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín. Ẹ lè rà á, àmọ́ ẹ má gbẹ́ ẹ.

Fún pátákó àkọ́kọ́, ẹ mú mẹ̀láínà tàbí ọ̀gànwó. Mẹ̀láínà pọ̀ nínú igbó tí wọ́n gbìn sí agbègbè Olúwa ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀, nítorí náà lẹ́tà dúdú á hàn ketekete lára rẹ̀. Ọ̀gànwó rọrùn láti gé, etí rẹ̀ sì máa ń mọ́. Arère rọ̀ dáadáa lábẹ́ bíìtì, ṣùgbọ́n òjò àti kòkòrò kì í jẹ́ kó pẹ́ níta, inú pálọ̀ ni kí ẹ fi í sí. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ ìrókò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé ó ń pẹ́ níta. Àmọ́ iṣan rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà tó wà lára igi, máa ń lọ kó tún padà bọ̀, ó sì máa ń ní òkúta funfun nínú nígbà míì, tó lè ká eyín bíìtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Eruku rẹ̀ tún ń yún ara, ó ń mú ènìyàn sín. Ẹ kọ́kọ́ fi igi mìíràn kọ́wọ́.

Pákó tó nípọn tó íǹṣì kan ni kí ẹ rà. Ẹ yẹra fún èyí tí àárín gbùngbùn igi wà nínú rẹ̀, torí yóò là. Ẹ kun orí rẹ̀ méjèèjì ní ọ̀dà, kí ẹ tò ó síbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, kí ẹ sì fi igi tín-ín-rín sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ má sá a sí oòrùn: òde rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì tutù, ó sì máa ya.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, kí ẹ kọ iye tó wọ̀n sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì ń jáde. Ìgbà tí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba ni kí ẹ tó fági rẹ̀, kí ẹ gé e sí 60 nípa 20, kí ẹ sì fi sáńpépà 120 dán ojú rẹ̀. Ẹ wá gbé rúlà lé ojú rẹ̀ ní ìbú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rúlà, ẹ padà fági sí i, nítorí bí pákó bá wọ́, rúta á gbẹ́ ibì kan jìn ju ibòmíràn lọ.

2. Ẹ ya lẹ́tà, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àmì

Bí yíyà yìí bá gba ìdajì ọjọ́, ẹ jẹ́ kó gbà á.

Ohun tí mo máa ń rí ni pé wọ́n á ya lẹ́tà kún pákó láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n tó rántí pé Ọ̀ ní nǹkan lórí, ó sì ní nǹkan nídìí. Wọ́n á wá gún ihò kékeré kan sẹ́bàá etí pákó, etí á sì ya. Ẹlòmíràn á yọ àmì dànù pátápátá, á ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á kà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní kí ẹ kọ ILÉ AYỌ̀ kò sanwó ILE AYO.

Báyìí ni kí ẹ pín sẹ̀ǹtímítà 20 náà, láti òkè wá sílẹ̀: 3.4 ní òfìfo, 2 fún àmì ohùn, 1 ní òfìfo, 8 fún lẹ́tà, 1 ní òfìfo, 1.2 fún àmì ìsàlẹ̀, kí 3.4 tó kù náà wà ní òfìfo. Ẹ fa ìlà pẹ́ńsù tó fẹ́lẹ́ sí ibi kọ̀ọ̀kan láti apá kan pákó dé apá kejì.

Ní ìbú, kí gbogbo ọ̀pá lẹ́tà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1.5. I á jẹ́ 1.5, L á jẹ́ 5, É á jẹ́ 5, A á jẹ́ 7, Y á jẹ́ 7, Ọ̀ á jẹ́ 7.5. Ẹ fi 2 sáàárín I àti L, 2 sáàárín L àti É, 6 sáàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, 1 sáàárín A àti Y, 1 sáàárín Y àti Ọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 45, ó wá ku 7.5 ní apá òsì àti 7.5 ní apá ọ̀tún. Ẹ ó rí i pé àlàfo A àti Y kéré. Ẹsẹ̀ A dà síta nísàlẹ̀, apá Y dà síta lókè, nítorí náà àyè ti wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi rúlà mú gbogbo àlàfo dọ́gba, lẹ́tà méjèèjì á jìnnà síra lójú ẹni tó ń kà á.

Ẹ fa ọ̀pá ìdábùú A wá sísàlẹ̀ díẹ̀, kí òkè ọ̀pá náà wà ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ojú tó wà nínú A á lè fẹ̀ tó bí sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ nídìí. Bó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíìtì á gbọ̀n ọ́n dànù. Àmì ohùn lórí É àti Ọ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju mìlímítà 6, bí bíìtì ṣe fẹ̀ gan-an, kí ẹ lè fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ lẹ́tà jáde nínú kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́nu géètì FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, lè bá yín ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún Ọ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní in bí ẹyọ kan. Ọ ni wọ́n ń gbé àmì lé lórí, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kì í sì í gbé e sí àárín. Ẹ tẹ lẹ́tà láìsí àmì, kí ẹ fi rúlà fa àmì fúnra yín. Bébà A4 kan kò gba sẹ̀ǹtímítà 45, méjì ni ẹ máa lẹ̀ pọ̀. Ẹ fi séló tépù mú bébà náà lé pákó lórí, kí ẹ ki kábọ̀n sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi bíròò tẹ̀ lé ìlà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi pẹ́ńsù kun gbogbo ibi tí rúta máa gbẹ́. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú èyí. Nígbà tí eruku bá bo ìlà, tí etí ń hó, ojú inú Ọ̀ tó yẹ kó dúró àti ara rẹ̀ tó yẹ kó lọ á jọra lójú yín.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ yí pákó lórí kodò, kí ẹ fà sẹ́yìn bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Nígbà tí ojú kò bá rí ọ̀rọ̀ kà mọ́, àlàfo tí kò dọ́gba ló máa kọ́kọ́ rí.

3. Ẹ de bíìtì mọ́ rúta

Ẹ yọ okùn rúta kúrò lára iná kí ọwọ́ tó kan bíìtì. Pípa á nìkan kò tó.

Ẹ ki ìdí bíìtì wọlé títí yóò fi kanlẹ̀, kí ẹ fà á jáde ní mìlímítà 2 tàbí 3, kí ẹ tó fi sípánà dè é. Bó bá kanlẹ̀ nígbà tí ẹ ń dè é, ó lè dà bíi pé ó ti le, kó wá tú nígbà tí ara ẹ̀rọ bá gbóná. Ó kéré tán, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìdí bíìtì gbọdọ̀ wà nínú. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ yọ ní mìlímítà 3 péré ní ìsàlẹ̀ àwo rúta, ìyẹn ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ tó ń jókòó lé pákó.

Ẹ gbẹ́ ìlà kúkúrú kan sára èérún pákó kan náà, kí ẹ wọn jíjìn rẹ̀. Bí èéfín bá ń jáde, ẹ ń lọ́ra jù, tàbí bíìtì ti kú.

4. Ẹ mọ apá ibi tí rúta ń fà sí

Bí ẹ bá wo rúta látòkè, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni bíìtì ń yí. Nítorí náà, nígbà tó bá wà nínú ìlà tó ń gé, ibi yòówù kí ẹ máa darí rẹ̀ lọ, ó máa fẹ́ yà sí apá òsì ìrìn rẹ̀. Bí ẹ bá ń tì í síwájú, ó ń yà sí òsì yín. Bí ẹ bá ń fà á bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara yín, ọwọ́ ọ̀tún yín ló ń yà sí. Bó bá ń lọ sápá ọ̀tún, ó fẹ́ sá fún yín. Bó bá ń lọ sápá òsì, ó ń bọ̀ wá bá yín.

Ẹni tí kò mọ èyí á máa bá rúta jìjàkadì, á sì máa dá ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ti múra dè é. Ìdí nìyí tí ọ̀pá igi tí ẹ bá fi kíláǹpù dè láti tọ́ rúta fi gbọdọ̀ wà ní apá òsì ìrìn rẹ̀, kí rúta lè máa fara tì í. Bó bá wà lápá ọ̀tún, rúta á máa sá kúrò lára rẹ̀.

Ẹ wá èérún pákó kan náà, kí ẹ ya ìlà tó bá iṣan igi lọ, èyí tó dábùú rẹ̀, èyí tó dà bíi ẹsẹ̀ A, àti òbìrípo tó fẹ̀ tó Ọ̀. Ẹ gbẹ́ wọn láìlo ọ̀pá igi. Ẹ máa rí i pé lára òbìrípo náà, apá méjì tó dojú kọra máa ń mọ́, apá méjì yòókù á hu bí irun. Iṣan igi ló fà á, kì í ṣe ọwọ́ yín. Ìgbà tí ẹ bá lè gbẹ́ gbogbo wọn láìkọjá ìlà ju mìlímítà kan lọ ni ọwọ́ yín tó yẹ fún pákó gidi.

5. Ẹ gbẹ́ lẹ́tà

Ẹ má wọ aṣọ tí apá rẹ̀ fẹ̀, ẹ bọ́ ẹ̀wọ̀n ọrùn, ẹ má sì wọ ìbọ̀wọ́, torí bíìtì lè gbá a mú. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò nítòsí.

Ẹ de pákó mọ́ bẹ́ǹṣì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìsàlẹ̀ rúta ni kí ẹ dì mú, nítòsí àwo rẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ yín méjèèjì sì fara lé pákó. Ẹni tó di orí rúta mú kò ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ fara tì. Ẹ gbé iná kan sí ẹ̀gbẹ́ pákó, kó má wà lókè orí, kí òjìji lè fi ìlà hàn yín.

Ẹ tan rúta kí bíìtì tó kan pákó. Ẹ fi etí àwo rẹ̀ lélẹ̀ ní dídà, kí ẹ wá rọra sọ bíìtì kalẹ̀ sí àárín ibi tí ẹ kùn ní pẹ́ńsù, ibi tó jìnnà sí ìlà. I ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí L àti É tẹ̀ lé e, lẹ́yìn wọn A àti Y. Ọ̀ ló kẹ́yìn, nígbà tí ọwọ́ ti gbóná.

Fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ la àárín ọ̀pá rẹ̀ kọjá ní jíjìn mìlímítà 3. Ẹ wá fẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún àti òsì, ṣùgbọ́n kí ó ku mìlímítà kan kó dé ìlà. Nígbà tí gbogbo lẹ́tà bá ti dé ibẹ̀, ẹ pa rúta, ẹ yọ okùn iná, ẹ fa bíìtì jáde sí mìlímítà 6, kí ẹ sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe bákan náà. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ máa fi gbá eruku. Bí ẹ bá fi ẹnu fẹ́ ẹ, ojú yín ló ń padà bọ̀.

Mìlímítà kan tó kù ló máa fi iṣẹ́ yín hàn. Sùúrù ẹni tó ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n lẹ máa fi ṣe é. Lára ògiri òde lẹ́tà, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni kí ẹ máa lọ. Bó bá jẹ́ ojú inú A tàbí ojú inú Ọ̀, tí ẹ ń yí erékùṣù pákó tó dúró láàárín po, òdìkejì ọwọ́ aago ni kí ẹ máa lọ. Rúta á ṣì máa fà mọ́ ìlà díẹ̀, àmọ́ nítorí pé mìlímítà kan péré ló ń gé, agbára rẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹ bá gbà á sódì, bíìtì á gun orí pákó, á sì sá lọ lọ́wọ́ yín.

Ẹ fa àmì ohùn lẹ́ẹ̀kan ní jíjìn mìlímítà 3, lẹ́ẹ̀kan sí i ní 6. Dírílì ni kí ẹ fi lu àmì ìsàlẹ̀. Ẹ fi séló tépù wé bíìtì dírílì ní mìlímítà 6 sí ẹnu rẹ̀, kí ẹ dúró níbi tí tépù bá ti kan pákó. Ó mọ́ ju kí ẹ máa fi rúta yí òbìrípo kékeré lọ.

Bíìtì yípo, nítorí náà igun inú L àti É kò lè mú. Ẹ lè fi ṣísẹ́lì gún wọn kí wọ́n mú, ẹ sì lè fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ràn igun tó yípo díẹ̀, torí omi òjò kì í dúró síbẹ̀. Èyí tó burú ni kí igun kan mú kí èkejì yípo lára pátákó kan náà.

Bí bíìtì bá yà kọjá ìlà ní mìlímítà kan tàbí méjì, ẹ má po gúlù pọ̀ mọ́ eruku pákó láti fi dí i. Fánísì máa sọ ibẹ̀ di dúdú, gbogbo ènìyàn á sì rí i. Ẹ fẹ gbogbo ọ̀pá lẹ́tà yòókù tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ dijú, kí ẹ fi ìka tọ ògiri lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìka máa ń rí ìkọ̀sẹ̀ tí ojú fò dá. Ẹ wọn jíjìn wọn níbi mélòó kan, kí ẹ fi ṣísẹ́lì gé irun tó bá hù.

6. Fánísì ṣíwájú ọ̀dà

Bí ẹ bá da ọ̀dà sínú pákó tí ẹ kò tíì kun nǹkankan sí, iṣan igi á fà á lọ, etí lẹ́tà á sì wọ́. Ẹ po fánísì ìta méjì mọ́ tápẹ́ńtáìnì kan, kí ẹ kùn ún sí gbogbo ojú pákó àti inú lẹ́tà. Ẹ má fi kẹrosíìnì po ó, kì í jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ má sì lo sílà tí àwọn oníbẹ́ẹ̀dì àti oníṣíà ń lò, òjò á bó o.

Bí èékánná kò bá ṣe àmì sí i mọ́, ó ti gbẹ. Lásìkò òjò, èyí lè ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ wá fi ọ̀dà dúdú kun inú lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ má bínú bó bá ta sójú pákó. Nígbà tó bá gbẹ pátápátá, ẹ fi sáńpépà 120 tí ẹ wé mọ́ ègé pákó ra ojú rẹ̀ tìlà-tìlà bí iṣan igi ṣe lọ, lẹ́yìn náà 180. Ọ̀dà tó ta á lọ, ti inú lẹ́tà á dúró. Bí ẹ bá fi ìka lásán di sáńpépà mú, ó máa wọ etí lẹ́tà, etí á sì yípo.

Fánísì ìta lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló kàn, iwájú, ẹ̀yìn àti orí méjèèjì. Ẹni tó bá kun iwájú nìkan ń pe kíká fún pákó, torí ẹ̀yìn á máa mu omi tí iwájú kò mu. Ẹ má fi fánísì oní-tínà lé ọ̀dà olóròóró lórí, ó máa hunjọ.

7. Ẹ gbé e kọ́

Sukúrú idẹ tàbí aláìdípata ni kí ẹ lò. Irin lásán máa ń ta dúdú sára pákó nígbà òjò, pàápàá lára ìrókò àti tíìkì. Kí ihò tí ẹ lù sára pákó fẹ̀ ju ọrùn sukúrú lọ díẹ̀, nítorí pákó máa ń wú lásìkò òjò, ó sì máa ń sún kì nígbà ọyẹ́. Ẹ fi wọ́ṣà tàbí ègé ròbà tó nípọn tó mìlímítà 5 sáàárín pákó àti ògiri, kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ lọ wò ó. Omi gbọdọ̀ dúró ní ẹ̀kán-ẹ̀kán lójú fánísì. Ibi tí pákó bá ti mu ún tó sì dúdú, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi 180 ra ibẹ̀ nìkan, kí ẹ sì tún un kùn kí ọyẹ́ tó dé.